Igi Àgbálùmọ̀ Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná

Bàbá mi àtàtà, ẹ̀yin tí kì í jẹ́ ká ká àgbálùmọ̀ lórí igi,

Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ ní Egan, eruku sì ti bo gbogbo ewé etí títì. Àgbálùmọ̀ ti dé. Ó ti wà lórí àtẹ láti Igando títí dé Ìkòtún, àwọn tó ń tà á sì ń tò ó ní mẹ́rin-mẹ́rin bí ẹni to ẹyin. N kò tíì ra ẹyọ kan. Ti ilé wa tó mi í jẹ títí di àìpẹ́ yìí, mo sì ní ìròyìn kan nípa rẹ̀ tí ó yẹ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi.

Igi méjì lẹ fi sílẹ̀: ọ̀kan lẹ́nu géètì, ọ̀kan lẹ́yìn ilé ìdáná. Káyọ̀dé, àbúrò mi, fẹ́ gbẹ́ kànga dẹ̀rọ, nítorí kànga tí ẹ gbẹ́ kì í ní omi mọ́ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé. Àwọn agbẹ́kànga wá wo ilẹ̀, wọ́n ní ibi méjì péré ni ẹ̀rọ àwọn lè dúró sí, igi sì wà níbi méjèèjì. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò le lójú Káyọ̀dé rárá. Ó ní ká gé ti ẹnu géètì, nítorí ti ẹ̀yìn ilé ìdáná ni igi Bàbá, òun ló sì dùn jù. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní nígbà tí òun wà ní ìwé kẹrin, òun jí ẹyọ kan nínú láílọ́nù dúdú yín, àti pé láti ọjọ́ náà òun kò tíì jẹ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Èmi kò jí i rí, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé láílọ́nù yẹn. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó jí, ẹ ó ti ṣa abẹ́ igi méjèèjì. Ti ẹnu géètì á wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa, ẹ ó máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi rọ̀, ẹ ó wá pín in fún wa láti orí àgbà dé orí ọmọdé. A ó jẹ ẹ́ títí èèpo rẹ̀ á fi di ṣingọ́ọ̀mù lẹ́nu wa. Ti ẹ̀yìn ilé ìdáná á wọ láílọ́nù dúdú, láílọ́nù á sì bá yín wọ yàrá. Tí ẹnikẹ́ni bá wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó ní, “Ti èmi nìyẹn.” Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ ẹran inú àwo yín fún wa. Lórí àgbálùmọ̀ nìkan ni mo ti rí i kí ẹ ṣahun.

Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ lọ, ọwọ́ wa kò kan igi yẹn. Ọdún kẹta rèé. Èso ń já, adìyẹ àwọn ayálégbé ń ṣá a jẹ, a sì ń gbá ìyókù jọ sí ìdí igi. Ti ẹnu géètì là ń jẹ, òun náà là ń gbé fún Màámi. Wọ́n á jẹ ìdajì ẹyọ kan, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sún àwo sẹ́yìn. A rò pé ọ̀fọ̀ ni. A máa ń sọ láàárín ara wa pé àgbálùmọ̀ ti bá Bàbá lọ.

Ẹ mọ̀ mí. N kò lè gé igi lórí ẹ̀rí ọmọ ìwé kẹrin tó jalè. Mo ní ká tọ́ méjèèjì wò ná.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Káyọ̀dé wí, “ṣé ẹ fẹ́ fún igi ní sáàtífíkéètì ni?”

Ṣùgbọ́n kó lè tètè parí, ó so ọ̀bẹ mọ́ orí ọ̀pá gígùn, ó sì ká bíi ogún lórí igi kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé inú yín kò ní dùn sí èyí. Òfin yín ni pé a kì í ká àgbálùmọ̀, ṣíṣà là ń ṣà á. Igi fúnra rẹ̀ ló mọ ọjọ́ tó máa tú èso rẹ̀ sílẹ̀. A ké e, a jẹ ẹ́. Oje funfun lẹ̀ mọ́ wa létè, òróró ẹ̀pà la fi bọ́ ọ, ó sì kan bákan náà, ìbáà ṣe ti ẹnu géètì, ìbáà ṣe ti ẹ̀yìn ilé ìdáná. Káyọ̀dé ní ìyàtọ̀ kò sí, pé ká kúkú gé ti ẹ̀yìn ilé ìdáná jàre, torí ibẹ̀ ló súnmọ́ táńkì omi.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ó ráhùn, ṣùgbọ́n ó sún àwọn agbẹ́kànga sí Sátidé tó tẹ̀lé e.

Láràárọ̀ ni mo ń ṣa èyí tó já. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni mo lò, mo lẹ ìwé mọ́ wọn kí wọ́n má baà dàrú mọ́ra. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti hàn gbangba. Ti ẹnu géètì dùn bí a ti mọ̀ ọ́n. Ti ẹ̀yìn ilé ìdáná kan. Kì í ṣe kíkan èyí tí kò pọ́n. Ó pọ́n, ó rọ̀, ó dára lójú, ó sì kan débi pé eyín mi kan títí di ìrọ̀lẹ́. Kí ni Káyọ̀dé wá jí jẹ nígbà yẹn? Ṣé ẹnu olè ló máa ń dùn ni, àbí ẹ fi ẹyọ kan ti ẹnu géètì pa mọ́ síbẹ̀ fún ara yín? Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni pé kí ló lè mú ẹni bíi tiyín ṣahun ohun kíkan.

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan kéèkì. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pe kéèkì ní búrẹ́dì agbéraga, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Mo ní ààrò onígáàsì kékeré báyìí. Èyí tí mo kọ́kọ́ fi àgbálùmọ̀ tí Káyọ̀dé ká ṣe fà bíi rọ́bà, a dà á fún adìyẹ, adìyẹ náà kọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo tún un ṣe. Mo yọ kóró, mo ha ẹran inú rẹ̀ kúrò lára èèpo, mo lọ̀ ọ́, mo sẹ́ ẹ, mo pò ó mọ́ ìyẹ̀fun, ẹyin, bọ́tà àti ṣúgà. Kéèkì méjì, igi kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ṣúgà lè tún ti ẹ̀yìn ilé ìdáná ṣe.

Mo gé méjèèjì fún Màámi nínú pálọ̀, n kò sọ èwo ni èwo. Wọ́n jẹ èkíní, wọ́n dúpẹ́. Wọ́n fi èkejì sẹ́nu, wọ́n rún un díẹ̀, wọ́n dúró.

“Ti ẹ̀yìn ilé ìdáná rèé. Ta ló ṣà á?”

Mo ní èmi ni.

“Ó dáa tó ò ká a. O ò bá ti ba adùn rẹ̀ jẹ́.”

Adùn, Bàbá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò nìyẹn. Káyọ̀dé, tó ń jẹ tirẹ̀ lóòró, bi wọ́n pé ṣebí igi Bàbá ni.

“Bàbá yín? Bàbá yín ò lè jẹ ìdajì ẹyọ kan nínú rẹ̀. Èmi ni mo ni ín.”

Wọ́n wá sọ ọ́ fún wa, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú àwo kéèkì lórí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní láti kékeré ni ohun kíkan ti ń wu àwọn, pẹ̀lú oyún tàbí láìsí oyún. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà, ìyá tó bí yín, ń bá wa gbé nígbà náà. Tí wọ́n bá ti rí àgbálùmọ̀ kíkan lọ́wọ́ Màámi, wọ́n á ké sí gbogbo ilé pé oyún tún ti dé o. Ẹ̀rín ni, wọn kò ní ibi nínú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Káyọ̀dé, oyún bàjẹ́ lára Màámi lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò sì sọ fún àwa ọmọ. Màámi kò lè gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́. Wọ́n pa àgbálùmọ̀ tì. Lọ́jọ́ kan, ẹ jáde sí àgbàlá, ẹ kéde pé tiyín ni igi ẹ̀yìn ilé ìdáná, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Láti ọjọ́ yẹn ni láílọ́nù ti ń bá yín wọ yàrá.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún wa láti ọdún mẹ́ta yìí.

“Bàbá yín ló ní ti òun ni. Ṣé kí n wá pe òkú ní onírọ́ ni?”

Ọdún mẹ́ta, Bàbá. Wọ́n ń gbọ́ ọ bó ṣe ń já lórí páànù ilé ìdáná ní ìdájí, orúnkún wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwa ń gbé èyí tó dùn síwájú wọn, a ń pe ara wa ní ọmọ dáadáa. Díẹ̀ ló kù ká gé igi náà nítorí táńkì.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n gé ti ẹnu géètì. Káyọ̀dé ló dúró tì wọ́n. Ẹnu géètì wá mọ́lẹ̀ lọ́nà tí kò tíì bá mi lára mu. Kò sí àgbálùmọ̀ dídùn mọ́ nílé wa, àwa náà yóò máa ra tiwa ní Igando. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Káyọ̀dé fi búlọ́ọ̀kù gbé àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé ìdáná sókè, ó sì ri páìpù mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ìdìmú.

Láàárọ̀ àná, kí n tó jí, Màámi ti wà lábẹ́ igi. Wọ́n jẹ ẹ́ níbẹ̀, lóòró, lójú gbogbo àgbàlá. Ìyá Ṣèyí, ayálégbé wa, tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó ní, “Màámi, báwo lẹ ṣe ń jẹ èyí?” Wọ́n ní kó mú òmíràn.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ mọ̀. Nínú yàrá yẹn, kí lẹ máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń jẹ ẹ́? Ṣé ẹ kàn máa ń wò wọ́n ni, àbí ẹ máa ń bá wọn fún ojú pọ̀? Mo ti bi Màámi. Wọ́n ní ìyẹn kò kàn mí.

Èmi ni, ọmọ yín tí ìbéèrè rẹ̀ kì í tán, tí ìfẹ́ yín kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀.