Ọ̀nà Méjì Tí Wọ́n Fi Wọn Ẹ̀jẹ̀ Ṣùkúrù

Ajarat ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé Ìbàdàn ń gbà yín? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ yín, á ṣọ́ àbọ̀. Ìyá rẹ ní kí n bá òun kí ọ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mo gbàgbé nínú lẹ́tà tó kọjá.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi Ṣùkúrù ni mo fẹ́ sọ. Inú rírun ló bẹ̀rẹ̀ bí eré nílé ní Ìkòsì, la bá gbé e lọ sí ọsibítù ńlá l'Ékòó, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n wá gbé e sí yàrá àwọn tí àìsàn wọn le jù. Wọ́n fẹ́ mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń fi agbára rìn lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Dorothy di aṣọ mọ́ ọn lápá, ó ń tẹ rọ́bà roboto kan, aṣọ náà ń wú bíi taya kẹ̀kẹ́. Ó ki nǹkan bọ etí, ó tẹ́tí títí, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ajarat, kí ni mo tún ń dúró gbọ́? Mo bú sẹ́kún, mo ní kí Gafar tó fi mọ́tò gbé wa wá sáré lọ sọ nílé kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀.

Ni Dókítà Bartholomew bá ní kí n fara balẹ̀, pé wọ́n ti ki rọ́bà tín-ín-rín kan bọ iṣan ọwọ́ Ṣùkúrù, wọ́n so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àṣé ìdí nìyẹn! Láti àárọ̀ ni mo ti ń wò ó, tí mò ń retí ìròyìn, òkè àti kòtò nìkan ló ń fi hàn. Ó ní tí ara aláìsàn bá tutù, ẹni tó ń gbọ́ láti orí aṣọ lè má gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n rọ́bà wà nínú ẹ̀jẹ̀ gan-an, ó sì ní àádọ́rùn-ún ni. Mo ní nígbà tí ọ̀kan ní òdo, tí ìkejì ní àádọ́rùn-ún, kí wọ́n jẹ́ ká fi sí àárín kí ìjà lè parí. Ó ní wọn kì í ná an. Ilẹ̀ tí wọ́n sì ti gbẹ́ dé orúnkún nílé, ìyá rẹ ti gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ kẹta ara Ṣùkúrù móoru, ohun tí aṣọ sọ àti ohun tí rọ́bà sọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Síbẹ̀ mi ò gba aṣọ yẹn gbọ́. Mo ní kí Dorothy dì í mọ́ èmi tí nǹkan kan ò ṣe, ká mọ̀ bóyá òpùrọ́ ni. Ó wò ó, ó tún un wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ó ti wọ igba. Mo ní irọ́ ni, kí wọ́n fi rọ́bà wọ̀n mí. Ìgbà tí mo rí abẹ́rẹ́ rẹ̀, mo ní mo ti gba aṣọ gbọ́.

Ṣùkúrù ti wà nílé, ó ń jẹ ẹ̀bà. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, òun ló ń wá wò mí.

Jọ̀wọ́, fi owó oògùn díẹ̀ ránṣẹ́, kó o sì fi ata sí i, wọ́n ti gba iyọ̀ lẹ́nu mi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o wá kí aláìsàn, kí wọ́n dá ọ dúró.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rahmon Àkànní