Igba Akẹ́kọ̀ọ́ Ó Lé Méjìlá, Nọ́ńbà Kan Ṣoṣo

                                        Yàrá Kẹta, Ọ́fíìsì Èsì Ìdánwò,
                                        Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ohun Ọ̀gbìn,
                                        Yunifásítì.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹfà.

Wọ̀n-ọ́n-wò, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Báwo ni ilé? Báwo ni ìyàwó wa, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti ń gbọ́ oògùn? Ìyá wa àgbà ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn láràárọ̀? Ayùn tuntun tí o rà sí ṣọ́ọ̀bù ńkọ́, ṣé ó ń gé igi, àbí igi ló ń gé e? Ìwọ fúnra rẹ, mo mọ̀ pé ara rẹ le, nítorí pé ẹni tí ara rẹ̀ ò le kò lè kọ irú lẹ́tà tí o kọ sí mi. Ní tèmi, mo wà láàyè. Eyín mi kan kúrò lẹ́nu lóṣù tó kọjá, kò tilẹ̀ dágbére.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí lẹ́tà rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé wàá ti máa sọ fún àwọn èèyàn pé èmi Kí-ló-fà-á ti di ẹni ńlá, pé n kò dáni lóhùn mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta ni o bẹ̀ mí. O ní kí n fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọbìnrin rẹ ránṣẹ́. O ní kí n wá nọ́ńbà àṣírí tó fi ń ṣí ojú ewé tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. O ní bí méjèèjì bá ṣòro, kí n ṣáà wo iye tó gbà nínú ìdánwò Ẹ̀kọ́ Erùpẹ̀, kí n kọ ọ́ sórí bébà kékeré kan. O sì fi kún un pé bí ó bá ti fìdí rẹmi, ìwé parí nìyẹn, kó padà wálé wá jókòó ti àbúrò ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ. O ní ìwé ṣáà wà lọ́wọ́ mi, kí ló ṣòro níbẹ̀?

Fara balẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú wa rí lórí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà níbí kí n tó dá ọ lóhùn.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ìsinmi dé, ó bá ọ̀gbẹ́ni kan tó ń hanrun lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó jí i. Ọ̀gbẹ́ni yìí kò jà, ó kàn na ìwé sí i. Orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ náà wà níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ pàápàá. Ó ní, “Èmi ni ìwọ. Ìwọ wá ta ni?” Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ bá olùtọ́jú ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìyẹn wo ìwé, ó wo ojú àwọn méjèèjì, ó ní ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ ọlọ́mọ fi sùn sórí tábìlì ìkàwé kó tó hàn pé ọ̀gbẹ́ni náà ti rí gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ níbìkan, òun ló sì fi gba bẹ́ẹ̀dì lórí kọ̀ǹpútà.

Inú àwọn aláṣẹ ru. Wọ́n yan Ìgbìmọ̀ Ààbò Àṣírí, wọ́n sì fi ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan tí a ń pè ní Bò-ó-mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ṣe alága. Ọkùnrin yìí a máa fi sọ́sà bo ife tíì rẹ̀, a fi ìwé bo sọ́sà, a tún fi fìlà bo ìwé. Ìgbà tí yóò bá fi tú gbogbo rẹ̀, tíì ti di omi tútù.

Òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ mọ́gbọ́n dání. Ó ní a kò gbọdọ̀ kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ máàkì rẹ̀ lórí pátákó ìkéde mọ́, nọ́ńbà nìkan ni ká kọ. Ó dáa. Lọ́jọ́ kejì ó tún ronú, ó ní nọ́ńbà gan-an ni olè ń wá, nítorí náà ká fi yíǹkì dúdú bo mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú rẹ̀. O mọ̀ pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ wa jẹ́ mẹ́wàá. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ń sọ ọdún tí wọ́n wọlé àti ẹ̀ka tí wọ́n wà. Mẹ́fà yẹn, ọ̀kan náà ni fún gbogbo kíláàsì. Mẹ́rin tó kù nìkan ló ń ya ọmọ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Òun gan-an la bò.

Bí èsì Ẹ̀kọ́ Erùpẹ̀ ṣe jáde nìyẹn: igba akẹ́kọ̀ọ́ ó lé méjìlá, nọ́ńbà kan ṣoṣo. Máàkì tó ga jù wà lókè, èyí tó kéré jù wà nísàlẹ̀. Ariwo tó sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kúrò ní kékeré.

“Ẹ wò mí o! Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún!”

“Kúrò níbẹ̀ jàre, tèmi nìyẹn.”

“Tìẹ báwo? Ka ìyókù nọ́ńbà ẹ ká gbọ́.”

“Kí n kà á fún ẹ? Àṣírí ni. Kọ́kọ́ ka tìẹ ná.”

“Orí ẹ pé. Èmi náà ò lè kà á.”

Lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn pátá ló gba ipò kìíní. Mẹ́tàlélógún tó wà nísàlẹ̀ ìwé kò rí ẹnì kan ṣoṣo tó gbà pé òun ló bí i. Ọmọ rẹ nìkan ni mo rí tí kò fò sókè. Ó dúró, ó ń wo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń wá bàtà rẹ̀ láàrin bàtà àwọn àlejò.

Mo lọ bá Bò-ó-mọ́lẹ̀. Mo ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, gbogbo wọn ti di ẹnì kan ṣoṣo.”

“Ohun tí à ń wá gan-an nìyẹn. Bí olè bá dé, ta ni yóò mú nínú wọn?”

“Ẹni tó ni èsì wá ńkọ́, sà? Báwo ló ṣe máa mọ tirẹ̀?”

“Hẹn-ẹn! Olè náà lè sọ pé òun ló ni ín. O ò rò ó jinlẹ̀.”

Mo padà sí yàrá mi, mo rò ó jinlẹ̀. Bí mo ṣe ń rò ó tó, bẹ́ẹ̀ ni kò lórí, kò nídìí. Àmọ́ mo ti ka ìwé púpọ̀ láyé mi, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí kò bá yé mi ni òmùgọ̀ dá sílẹ̀. Mo dákẹ́.

Ìdákẹ́ mi kò gbà wá. Òfin tó tẹ̀ lé e ni pé àwa akọ̀wé pàápàá kò gbọdọ̀ mọ ohun tí à ń kọ. Èmi àti Ìyá Atẹ̀wé, tí a ti jọ wà ní yàrá yìí fún ọdún mọ́kàndínlógún, ni wọ́n ní ká kọ ẹ̀yìn síra wa. Òun ń tẹ nọ́ńbà láìrí máàkì, èmi ń tẹ máàkì láìrí nọ́ńbà. A kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kankan tó ní iye nínú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ní òjò àná pọ̀. Alága ìgbìmọ̀ yọjú láti ojú fèrèsé, ó ní, “Pọ̀ tó mélòó?”

Ìyá Atẹ̀wé ní, “Ẹ má dá a lóhùn o. Pańpẹ́ ni.”

Ọmọ rẹ wá sí ojú fèrèsé mi lọ́jọ́ Ajé. Ó kí mi, mo dáhùn bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, nítorí pé bí òfin ṣe wí nìyẹn. Èmi tí mo gbé e lọ́jọ́ tó pé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ! Ó ní òun fẹ́ mọ máàkì òun. Mo fún un ní fọ́ọ̀mù tuntun. Fọ́ọ̀mù náà ní kó mú ẹlẹ́rìí wá tó máa jẹ́rìí pé òun ni òun. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí wọ́n má bàa ti gbìmọ̀ pọ̀.

Ó wò mí. Mo wo bébà. Ó jáde lọ, ó sì mú awakọ̀ táńkà omi kan wá, ọkùnrin tó ń da omi sínú àgbá lẹ́yìn ilé wa. Ẹnu ya ọkùnrin náà.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ ọmọbìnrin yìí?”

“Mo búra, mi ò rí i rí. Ó kàn ní kí n wá ran òun lọ́wọ́ ni.”

“Ó dáa. Ẹ fọwọ́ síbí pé òun ni.”

“Pé òun ni ta ni?”

“A ò lè sọ fún yín, sà. Àṣírí ni.”

Ó ju bírò sílẹ̀, ó padà sídìí omi rẹ̀. Ọmọ rẹ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí òun fi máa mọ̀ bóyá òun á padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ ti ń súnmọ́lé. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé o ti kọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù aṣọ náà sí òun pẹ̀lú.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Lọ́jọ́ kejì ni mo ra ẹ̀pà yíyan lẹ́nu géètì. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fẹ́ sọ bébà tí wọ́n fi pọ́n ọn nù, ni mo bá rí orúkọ Bò-ó-mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà òṣìṣẹ́ rẹ̀ nìyí, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ nìyí, ọjọ́ ìbí rẹ̀ nìyí. Ọjọ́ ìbí náà sì fi ọdún mẹ́fà dàgbà ju èyí tó máa ń sọ fún wa lọ. Mo ra ẹ̀pà míì. Ogún akẹ́kọ̀ọ́ ló wà lórí ìyẹn, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wọn àti orúkọ àwọn ìyá wọn. Ọdọọdún la ti ń kó ìwé àtijọ́ sínú àpò, tí a ń gbé e sẹ́yìn ilé. Látìgbà tí ìgbìmọ̀ sì ti dé, wọ́n ní ká tètè máa kó o jáde, kí olè má bàa bá a nínú ọ́fíìsì. Èmi ni mo so ẹnu àwọn àpò náà. Èmi tí mo ń bi gbogbo ayé léèrè, mi ò bi ara mi pé níbo ni ìwé ń lọ.

Mo gbé bébà náà síwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó fi ọwọ́ bò ó. Ó fi sọ́sà bo ọwọ́.

“Ta ló jẹ ẹ̀pà inú ẹ̀?”

“Èmi ni, sà.”

“O kà á?”

“Epo ẹ̀pà ti pa díẹ̀ rẹ́, sà. Àmọ́ ọjọ́ ìbí yín hàn dáadáa.”

Ó pe ìpàdé pàjáwìrì. Wọ́n pinnu pé ìgbìmọ̀ ni yóò ra gbogbo ẹ̀pà náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa fura. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn ọ̀mọ̀wé méje fi ń jẹ ẹ̀pà nínú yàrá ìpàdé, wọ́n ń tẹ́ bébà, wọ́n ń kà á. Ìyá ẹlẹ́pà ní, “Ẹ̀yin ọ̀gá wọ̀nyí, ṣé wọn ò dáná nílé yín ni?” Ní ọjọ́ kẹrin, Ìyá Atẹ̀wé ló lọ bi í bóyá ó lè dá ìwé tó kù padà kí a fún un ní ìwé ìròyìn àtijọ́ dípò. Ó ní, “Ṣé ohun tí ẹ ń wá nìyẹn? Ẹ ò bá ti sọ̀rọ̀!” Àpò mẹ́rin ló gbé jáde.

Ọ̀rọ̀ tó bá kanni lára a máa là wá lóye. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni a sun àwọn ìwé náà níṣojú Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì wọ́gi lé gbogbo òfin tirẹ̀. Ó ní kí á fi èsì ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú àpòòwé, ká lẹ ẹnu rẹ̀ pa, kí ọmọ mú káàdì tó ní fọ́tò rẹ̀ wá, kó fọwọ́ sí i, kó gba tirẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi àti Ìyá Atẹ̀wé kọjú síra wa padà, a so máàkì pọ̀ mọ́ nọ́ńbà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí tọmọ rẹ.

Ó wá lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó fọwọ́ síwèé, ó ya àpòòwé níwájú mi, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè.

“Bàbá kékeré, ẹ ti rí i, àbí?”

“Iṣẹ́ mi ni, ọmọ mi.”

“Bàbá mi sì ti kọ̀wé sí yín.”

Mo ń wo àjà.

“Mo mọ̀. Wọ́n tún kọ̀wé sí ọmọ tí a jọ ń gbé inú yàrá kan. Wọ́n ní kó máa yọjú wo ọwọ́ mi tí mo bá ń tẹ nọ́ńbà àṣírí mi. Bàbá kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi pamọ́. Èmi ni mo fẹ́ sọ ọ́. Láti kíláàsì kìíní ni wọ́n ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ máàkì mi sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà á wá ra àga, á kọ́kọ́ kà mí. Ìyá tó ń ta epo níwájú ilé wa mọ̀ pé mo gba mẹ́rin nínú ogún kí èmi tó mọ̀.”

Mo rántí ilẹ̀kùn náà. Mo ti dúró níwájú rẹ̀ rí, ọ̀rẹ́ mi, mo sì fi ohun tó wà lára rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, mi ò fi nọ́ńbà ránṣẹ́. Mi ò wá àṣírí rẹ̀. Mi ò sì kọ máàkì sórí bébà kékeré kankan. Má wulẹ̀ wá a nínú lẹ́tà yìí. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì ti yọ gbogbo ibi tó ti dà bíi pé inú mi dùn tàbí pé ó bàjẹ́ kúrò. Mo bi ara mi bóyá èmi náà ti wá di Bò-ó-mọ́lẹ̀. Òun fi nǹkan pamọ́ fún ẹni tó ni ín, èmi sì fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Mo rò pé ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, bí mi ò tilẹ̀ lè búra. Bí o bá fẹ́ bínú, bínú sí mi. Ọ̀rẹ́ ogójì ọdún yẹ kó lè gba ìbínú kan.

Sátidé ni yóò wọkọ̀ wálé. Ó ní òun á sọ ọ́ fún ọ lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí kò bá sí oníbàárà. Jọ̀ọ́, pa ayùn yẹn, jókòó, kí o gbọ́ ọ látẹnu rẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó wa, kí o sì dọ̀bálẹ̀ fún ìyá wa àgbà lórúkọ mi. Ìyá Atẹ̀wé ní kí n kí ọ, ó ní o kò mọ òun ṣùgbọ́n òun mọ̀ ọ́.

Bí ọmọ bá sì ti sọ ọ́ fún ọ tán, má kọ ọ́ sí mi. Mo ti mọ iye tó gbà. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tí o máa sọ fún un, òun nìkan ló sì yẹ kó gbọ́ ìyẹn.

                                        Èmi ni, tìrẹ láìyẹsẹ̀, bí o bá bínú, bí o ò bínú,
                                        Kí-ló-fà-á.