Omi Ń Fà

Etí Òkun Ajah,
Ajah, Èkó.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹwàá.

Habeeb ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí Ìyá wa ní Lafenwa. Mo ní ìrètí pé ara gbogbo yín dá ṣáṣá, àti pé òtútù òjò yìí ò tíì dé eegun Ìyá. Ara tèmi le, ìyẹn bí a bá ń sọ ti ara nìkan. Ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ sí ọ nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Bí o bá kà á dé ìsàlẹ̀, ìdí rẹ̀ á yé ọ.

Mo rí gbogbo ohun tí o kọ sórí Wásáàpù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nípa ìrìn àjò yín. Ìwọ yìí ò lè yí padà láé. Láti Òṣíẹ̀lẹ̀ tí a ti jọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lo ti máa ń ṣètò nǹkan bí ẹni tí ọba fẹ́ wá kí nílé. Ìbéèrè mẹ́tàdínlógún! O tilẹ̀ bi mí bóyá iyọ̀ òkun lè ba irùngbọ̀n ẹni jẹ́. Mo rẹ́rìn-ín sí ìyẹn, ó sì ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Jẹ́ kí n dáhùn èyí tó ṣe pàtàkì nínú wọn. Oṣù Kejìlá tí ẹ mú dára. Láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá ni ìgbì máa ń ga níbí. Tó bá di àsìkò ọyẹ́, ó máa ń rọlẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń gun ìgbì lè dìde lórí bọ́ọ̀dù láìjẹ́ pé ó mu omi iyọ̀ yó. Ẹ wọ mọ́tò àkọ́kọ́ ní Kútọ̀, ẹ sọ̀ ní Berger, kí ẹ sì wá èyí tó ń bọ̀ ní Ajah tààrà. Ẹ̀yin mẹ́jọ lẹ̀ ń bọ̀, bọ́ọ̀dù márùn-ún ni mo ní, ẹ ó máa gbà á lọ́wọ́ ara yín. Yàrá mi méjèèjì gbà yín, bí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ bá lè sùn lórí ẹní. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹ ò ní wọ omi rárá o. Orí iyanrìn ni a ó ti kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń dojú bolẹ̀ tí wọ́n sì ń fò dìde.

O kọ ọ́ pé kì í ṣe fàájì lẹ̀ ń bá bọ̀. O ní o fẹ́ gun ìgbì kan ṣoṣo, kí o lè mọ ohun tí Kàsímù àbúrò rẹ rí nínú rẹ̀ tó fi kọ etí ikún sí ìkìlọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, bó ṣe máa ń dùn mí nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló pa mí. O ní odò Ògùn kún bo ọ̀nà yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n kí n má ṣèyọnu: “Omi ti ń fà, kò séwu mọ́, ó ti ṣeé wọ̀.” Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. Orí búlọ́ọ̀kù ni mo jókòó sí nídìí iṣẹ́ ní Lakowe.

Habeeb, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n tún ọjọ́ yẹn rò fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí bí mo ṣe rò ó fún yín níjọ́ kìíní kò pé.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá ni Kàsímù dé. Òun ló kọ́kọ́ rin ìrìn àjò tí èmi àtìwọ ti fi ọdún mẹ́fà sọ lẹ́nu. O mọ ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, síbẹ̀ ó fọ abọ́ tí a fi jẹun láìjẹ́ pé mo rán an, ó ń pè mí ní Bọ̀dá Kóre ní gbogbo ìgbà. Ní ìrọ̀lẹ́ mo kọ́ ọ lórí iyanrìn, ara rẹ̀ yá sí i ju tèmi lọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Òfin kan péré ni mo fún un: “Má fẹsẹ̀ kan omi títí màá fi sọ bí omi ṣe wà fún ọ.” Ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Bọ̀dá Kóre.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọ̀gá mi pè mí ní kíákíá pé wọ́n fẹ́ da kọnkéré ní Lakowe, pé mi ò gbọdọ̀ má sí níbẹ̀. Mo ní kí Kàsímù gbé bọ́ọ̀dù kan, kó lọ dúró dè mí létí òkun. Nígbà tí mo dé Lakowe, mo pe Taofeek tó ń bá mi tọ́jú àwọn bọ́ọ̀dù. Ó ti yẹ òkun wò láàárọ̀ kó tó gba Badore lọ síbi ìsìnkú kan. Ó ní, “Ọ̀gá, omi ń fà gan-an lónìí o. Kò safe rárá, forget it.” Lójú ẹsẹ̀ ni mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Kàsímù: “Kàsímù, omi ń fà o. Mo ń bọ̀.” Kò pẹ́ tí èsì fi dé: “Alhamdulillah. Ẹ ṣé gan-an, bọ̀dá mi.” Mo rò pé ó ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run kò jẹ́ kí òun kó sínú ewu. Mo ti fóònù bọ àpò, mo padà sídìí kọnkéré.

Ní etí òkun tiwa níbí, bí a bá ní omi ń fà, ohun tí a ń sọ ni pé ó ń fa èèyàn lọ sí agbami. Ojú rẹ̀ lè rọ̀ kó dà bí omi inú àwo, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ti ń wọ́ni lẹ́sẹ̀. Bàbá mi ti fi ọ̀rọ̀ yẹn dẹ́rù bà mí kí n tó mọ ábídí. Kò fìgbà kan wá sí mi lọ́kàn pé ó ní ìtumọ̀ mìíràn létí ẹni tí odò ti ń ya wọlé bá láti kékeré. Lọ́dọ̀ yín ní Lafenwa, bí àgbà bá ké láti ìta pé omi ń fà, ẹ̀yin ọmọdé á sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ á máa jó. Ó ti lọ sílẹ̀ nìyẹn, ewu ti kọjá, ẹ lè jáde. Ohun tí mo fi dá ọmọ náà dúró ni ó gbà pé mo fi yọ̀ǹda fún un. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè fi ọ̀rọ̀ kúkúrú orí fóònù sọ èyí fún ọ.

Mi ò fẹ́ fi ohun tí mo rò lọ́kàn lásán dá ọgbẹ́ sí ọ lára, nítorí náà mo lọ wádìí. Lọ́jọ́bọ̀ mo lọ bá Adékẹ́mi, aránṣọ kan nínú ìjọ aláṣọ funfun tó máa ń gbàdúrà létí òkun wa. Àwọn ló kọ́kọ́ rí Kàsímù nínú omi, àwọn ọkùnrin wọn ló sì gbé e jáde nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́. Láti ọdún kan àti oṣù méjì, kò sẹ́ni tó bi obìnrin yìí ní nǹkan kan. Ó ní Kàsímù jókòó sórí iyanrìn bíi wákàtí kan, bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí òun fi bi í pé kí ló ń dúró ṣe. “Ó ní bọ̀dá òun kan ni òun ń retí kó fún òun láyè. Ìgbà tí fóònù ẹ̀ dún, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un dání.” Fóònù náà ló wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ títí di òní, tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣí nítorí a ò mọ nọ́ńbà tó fi tì í.

Wàyí o, ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an nìyí. Níjọ́ tí a sin ín, Ìyá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí ló ṣe ọmọ àwọn. Mo ní, “Ìyá, mo kìlọ̀ fún un. Mo ránṣẹ́ sí i pé kó má wọ̀ ọ́.” Mi ò kọ “má wọ̀ ọ́” rárá, Habeeb. Lójú mi, ohun kan náà ni. Ẹ̀rù sì ń bà mí, mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ pé mo ṣe ojúṣe mi. Ẹyin lohùn, mo jẹ́ kó bọ́.

O mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ti fọ́ nínú ilé yín. Ìyá ní ọmọ tí a wí fún tí kò gbọ́, ẹkún wo la fẹ́ sun lé e lórí. Wọ́n yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò ní pálọ̀. Nígbà tí ọdún rẹ̀ yí po nínú oṣù Kẹjọ tí àwọn àáfà wá ṣàdúà, wọ́n wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n ní àwọn ò ní ṣe àmín sí àdúà olóríkunkun. Ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún mi. Èmi ni mo tún ń sọ fún ọ pé kí o ṣe sùúrù fún wọn. Ojú ń tì mí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, màá wà ní Lafenwa kí oòrùn tó mú. Má sọ ọ́ fún Ìyá ṣáájú mi, má sì bá mi bẹ̀bẹ̀. Ẹnu tó ba ọmọ wọn lórúkọ jẹ́ ni kó tún un ṣe. Bí wọ́n bá lé mi, màá dúró níta títí wọ́n á fi gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Mo ṣì ní ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ àti èsì tó fún mi nínú fóònù mi, màá kà á fún wọn bó ṣe wà.

Ní ti oṣù Kejìlá, bọ́ọ̀dù wà, yàrá wà. Bí o kò bá fẹ́ rí ojú mi mọ́, Taofeek mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ, òun á kọ́ yín, èmi á sì lọ sùn sí Lakowe títí ẹ ó fi padà. Ṣùgbọ́n bí o bá ń bọ̀, má wá torí pé o fẹ́ mọ ohun tó mú kí Kàsímù ṣàìgbọràn. Kò ṣàìgbọràn. Ó jókòó, ó dúró dè mí, ó sì ṣe ohun tó gbà pé mo ní kó ṣe.

Kí Ọlọ́run tu Ìyá nínú, kó fi ojú rere wo Kàsímù níbi tó wà. Kó fún ìwọ náà ní àyà tó lè gba ọ̀rọ̀ yìí, kó má sì jẹ́ kí o tún rí irú rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, bí o bá ṣì gbà kí n máa jẹ́ bẹ́ẹ̀,
Akóredé.

Àfikún: Kí n tó lẹ àpò ìwé yìí, mo kà á sókè sí Taofeek létí. Mo ní kó sọ ohun tó gbọ́ fún mi, kó má lọ jẹ́ pé mo tún kọ nǹkan kan tí ìwọ á ka òmíràn. Ó ní, “Ọ̀gá, ohun tẹ́ ẹ kọ ni pé bọ̀bọ́ yẹn ò ṣẹ̀ yín rárá, ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ ẹ́.” Mo ní ó ti gbọ́ ọ yé. Kí ìwọ náà gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.