Mi Ò Ní Kúnlẹ̀ Torí Kọ̀ǹpútà Moretan

Agbonou

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́, ṣé iṣu ń ta dáadáa lóko? Ara tèmi le, àfi inú tó ń bí mi.

Àkùkọ àti sódàbì, ògógóró ilé wa, tí ẹ fi rán ẹ̀gbọ́n Ògúnsanwó, pé kí n fi bẹ Christophe ọ̀gá mi, ti dé. Ẹ ṣeun. Èmi àti àwọn nọ́ọ̀sì ti jẹ àkùkọ náà. Mi ò ní lọ bẹ ẹnikẹ́ni.

Ilé-ìwòsàn wa ní ẹ̀ka mẹ́ta: Agbonou níbí, Nangbéto àti Moretan lọ́dọ̀ yín. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà ńlá kan tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà púpọ̀, tó sì dá dúró láìbá àwọn yòókù ṣẹgbẹ́. Bí ètò inú wọn bá fẹ́ àtúnṣe, zémìdján, ọ̀kadà akérò, ni mò ń gùn lọ. Lásìkò òjò, omi gba ọ̀nà Moretan. Ètò ibẹ̀ ti gbó, kọ̀ǹpútà dákú, wọn ò sì rí ìwé ìtọ́jú Dúpẹ́ aládùúgbò yín nígbà tó ń rọbí. Ẹ̀yin náà gbọ́ igbe rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Mo sọ fún ọ̀gá pé a lè máa ṣètọ́jú kọ̀ǹpútà adádúró láti ibí. Kò sí bọ́tìnì fún un; API la ó gbà, ìyẹn ọ̀nà tí à ń gbà kọ àṣẹ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ. Ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bí a bá ti ṣe é, kò sí ìpadà sí ti àtijọ́. "Olga, laisse ça," ló wí, "fi í sílẹ̀. Bó bá bàjẹ́, ọrùn ta ni yóò wà?" Mo ní ọrùn tèmi. Nígbà tó lọ sí Lomé, mo ṣe é. Gbogbo wọn ló ń gba àtúnṣe láti Agbonou báyìí.

Ó wá ní kí n kúnlẹ̀ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, kí n ní àṣìṣe ni mo ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iṣẹ́ mi bọ́. Mo kọjá àṣẹ lóòótọ́, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Àmọ́ àṣìṣe kọ́. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní í fọrí gbọgbẹ́. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ kí n purọ́ tòun tàkùkọ? Ó dùn mí, Bàbá.

Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹsẹ̀ yín yóò gbé yín dé oko, yóò gbé yín bọ̀ wálé.

Èmi ni ọmọ yín olórí kunkun,
Olga

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: Mi ò tíì fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ tí ọ̀gá fi pè mí. Ó bi mí bóyá ó ṣeé dá padà. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó ní, "Bó bá ṣeé ṣe ńkọ́, ṣé wàá dá a padà?" Mo ní rárá. Ó bá mú bíró, ó kọ ìwé lé mi kúrò níṣẹ́. Ẹ bá mi gbá yàrá ẹ̀yìn, mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.