Àbùùbùtán, Ariwo Ọkọ̀ àti Adéwálé Ọmọ Yín

Bàámi àtàtà, tí orúkọ yín kì í wọ́n nínú àdúrà mi,

Adéwálé ọmọ mi, tí ẹ fúnra yín sọ lórúkọ, ti di ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá inú ọkọ̀ akẹ́rù ojú òkun. Ẹ wo iṣẹ́ Olúwa: ọmọ Ilérò, níbi tí odò ti ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pè mí lórí fóònù, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ àbùùbùtán ni, ẹ̀dá ńlá inú òkun tí ń fún ọmọ lọ́mú bí ewúrẹ́ wa. Òkun ṣókùnkùn nísàlẹ̀, nítorí náà igbe ni wọ́n fi ń wá ara wọn. Ṣùgbọ́n ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń bo igbe náà mọ́lẹ̀. Ìyá kì í gbọ́ ti ọmọ mọ́. Ìpayà a lé wọn kúrò níbi oúnjẹ, wọn a rù, ọmọ bíbí wọn a sì dínkù. Àwọn mìíràn a sá gun yanrìn etí òkun, wọn a kú síbẹ̀.

Ẹ̀yin ni mo rántí, Bàámi. Bí oòrùn bá ń wọ̀ lóko, ẹ ó ké “Hóò!”, oko kọ̀ọ̀kan a sì dáhùn kí a tó darí sílé. Ẹni tí kò bá dáhùn, a ó lọ wá a. Nígbà tí Ìyá Rísíkà gbé ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́ wá sí abà, ẹ máa ń lọ bẹ̀ ẹ́ kí ó pa á títí gbogbo oko yóò fi dáhùn. Òun a pariwo pé, “Ràmàdáánì ò tíì dé o, Bàbá Ìjọ! Ẹ tún ti ní kí ẹ̀rọ mi gbààwẹ̀?” Ẹ̀yin a rẹ́rìn-ín, ẹ kò sì ní kúrò níbẹ̀.

Adéwálé fẹ́ bẹ ọ̀gá àgbà ọkọ̀ náà kí wọ́n máa rọra lọ níbi tí àbùùbùtán ti ń tọ́ ọmọ, nítorí bí eré bá dínkù, ariwo náà a dínkù. Ṣùgbọ́n ọ̀gá náà kò fẹ́ ìdádúró rárá, ó sì lè lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ìyàwó Adéwálé sì lóyún. Ṣé ó tọ́ kí ó fi oúnjẹ ilé rẹ̀ wewu nítorí ẹ̀dá tí èmi kò rí rí? Kí ni ẹ̀yin ìbá wí, ká ní ẹ ṣì wà láyé?

Mo gbàdúrà, mo sì ní kí ó lọ sọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí wọ́n bá lé e, kí ó máa bọ̀ wálé.

Kò tíì pè padà. Mo ti ń ṣa ebu iṣu tí yóò gbìn sọ́tọ̀ fún un.

Èmi ni, ọmọ yín tí ìfẹ́ yín kò ṣá lọ́kàn rẹ̀.