Ohun Tí Mo Bá Lábẹ́ Ọ̀dà Yín ní Ọ̀fàdà

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Màmá wà dáadáa. Wọ́n ṣì máa ń bu oúnjẹ yín sọ́tọ̀ nígbà míì kí wọ́n tó rántí pé ẹ ò sí mọ́. Ṣọ́ọ̀bù wa ní Mowe ṣì wà ní ṣíṣí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ sáìnbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi kọ̀ǹpútà kọ̀wé sára fẹ́ǹsì? Èmi náà ni wọ́n ń wá wá.

Ọ̀rọ̀ fẹ́ǹsì gan-an ni mo bá wá. Ẹ rántí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ọnarébù tó ń ṣojú wa, èyí tó wà ní Ọ̀fàdà, tẹ́ ẹ kọ "ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ" sára fẹ́ǹsì ẹ̀ gàdàgbà-gadagba? Tí ọkọ̀ wa bá gba ibẹ̀ kọjá, mo máa ń fi yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé bàbá mi ló kọ ọ́. Mo mọ̀ pé torí àwọn gbájú-ẹ̀ tó ń ta ilé onílé ni wọ́n ṣe ń kọ irú ẹ̀. Àfi bí ajẹ́ǹtì Ọnarébù ṣe pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n wá pa á rẹ́, kí n kọ "ILÉ TÍTÀ" síbẹ̀.

Mo lọ. Iṣẹ́ ṣáà niṣẹ́. Ọ̀dà ti ń ṣí lára ògiri, ẹ̀yin lẹ sì máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá mi níka tí mo bá fẹ́ kun ọ̀dà tuntun lé èyí tó ń ṣí. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Bàbá, ni lẹ́tà àwọ̀ ewé bá ń yọ lábẹ́ ọ̀dà funfun tẹ́ ẹ kọ̀wé lé! Mo ha á síwájú. "ILÉ ÌJỌBA" ló wà níbẹ̀.

Hàà! Mo jókòó sílẹ̀. Mo mọ ọwọ́ yín. Àmì abẹ́ Ọ gùn ṣóńṣó bí hóró ìrẹsì, ta ló tún ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo agbègbè yìí? Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ pé ilé ìjọba ni. Ẹ̀yin náà lẹ tún fi funfun bò ó.

Mo bi bàbá kan tó ń lọ ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Wọ́n ní owó orí wa ni ìjọba fi kọ́ ọ, kí Ọnarébù lè rí ibi sùn tó bá wá láti Abẹ́òkúta wá gbọ́ tẹnu wa. Kò sùn níbẹ̀ rí. Àwọn ará Èkó kan ló kó sínú ẹ̀, ó ń gba rẹ́ǹtì lọ́wọ́ wọn. Ní báyìí tí sáà ẹ̀ ti fẹ́ parí, ó fẹ́ tà á pátápátá.

Ẹni tó nílé ní Abẹ́òkúta, tó tún nílé ní Èkó, tá a wá kọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta fún, kí ló ń tà nínú ẹ̀ gan-an? Búlọ́ọ̀kù wo ló jẹ́ tèmi níbẹ̀? Mo sì tún bi ara mi pé tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lé lọ́wọ́ ńkọ́, èmi tí mò ń gbé yàrá kan, ṣé mi ò ní fi ayálégbé sí i? Mi ò mọ̀ o. Mi ò ní parọ́ fún yín.

Tiyín ló ń dùn mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dá ọ̀dà tó ṣẹ́ kù padà fún oníṣẹ́, títí kan ìsàlẹ̀ agolo. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ yín bò? Àbí ẹ̀rù ló bà yín? Àkàbà irin tí mò ń gùn dòní, ṣé kì í ṣe ọdún tẹ́ ẹ fi funfun bò ó yẹn lẹ rà á? Mo bi Màmá. Wọ́n ní kí n jẹun kó má baà tutù.

Funfun yẹn sì fẹ́lẹ́ jù, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ kùn ún, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í kun ògiri kankan lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kó lè ṣí lọ́jọ́ kan?

Mi ò kọ "ILÉ TÍTÀ". Mo ha gbogbo funfun yẹn kúrò, mo po ọ̀dà àwọ̀ ewé, mo sì ń tọ lẹ́tà yín lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tẹ́ ẹ di ọwọ́ mi mú tẹ́ ẹ fi ń kọ́ mi. Orí àkàbà ni ajẹ́ǹtì wá bá mi. "Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Ó ní òun á mú ẹlòmíì wá lọ́la tó máa pa á rẹ́. Kó mú un wá. Ẹni tó fẹ́ rà á, tí ajẹ́ǹtì mú wá wo ilé, ti kà á látinú mọ́tò, ó sì ti ní kí dẹ́rẹ́bà yí orí ọkọ̀ padà.

Àmì abẹ́ Ọ nìkan ni mi ò kùn. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe fi ọwọ́ ara yín ṣe é.

Èmi ọmọ yín, tó ṣì ń fi búrọ́ọ̀ṣì yín jẹun, tó sì nífẹ̀ẹ́ yín síbẹ̀.