Ìwé Owó Orí Ní N Kò Bímọ

Fìdítì,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta, 1964.

Dorothy Àlàkẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí àwọn tíṣà yín, mo sì kí gbogbo ọmọ tí ẹ jọ ń sùn nínú yàrá gígùn yẹn. Ṣé ara le? Ṣé ẹ ń jẹun yó? Ọlọ́run tó mú ọ dé Ìbàdàn kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀ níbẹ̀, ìwé tí o ń kà yóò wọ̀ ọ́ lórí. Èmi náà wà, mo ń lọ sí dísípẹ́ńsárì lójoojúmọ́, mo ń gbálẹ̀, mo ń fọ ìgò oògùn. Ọsàn ẹ̀yìnkùlé ti pọ́n, ó ń jábọ́, èmi nìkan ò lè jẹ ẹ́ tán. Nígbà mìíràn mo ṣì máa ń se iṣu ẹni mẹ́ta, ìgbà tí mo bá bù ú tán ni mo tó ń rántí pé Hannah ìyá rẹ ti lọ sí ọ̀run, ìwọ náà kò sì sí nílé. Oṣù keje nìyí tí mo ti rí lẹ́tà rẹ kẹ́yìn. N kò bá ọ jà o, mo mọ̀ pé ìwé pọ̀ láti kà.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ owó orí. Ìwé kan dé láti ọ́fíìsì pé owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù mi láti ọdún tó kọjá kò pé, pé ṣílè mẹ́rìnlélógún ló kù. Tíṣà Olúkúnlé ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ló bá mi kà á, torí èdè Òyìnbó ni. Ó ní níbi tí wọ́n ti béèrè iye ọmọ, “Níìlì” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ní ṣé odò Íjíbítì tí wọ́n gbé Mósè sí ni. Ó ní rárá, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé n kò bí ọmọ kankan, nítorí náà n kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó tí wọ́n máa ń dín kù fún ẹni tó ní ọmọ nílé ìwé. Àlàkẹ́, ṣe ni mo jókòó. Ilé dákẹ́. Mo wo ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ, mo ní àbí ẹni tó kọ ọ́ gba iwájú ilé wa kọjá ni, tí kò gbúròó ẹnikẹ́ni, tó wá kọ ohun tó rí?

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo wọ mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì náà. Mo mú ìwé ẹ̀rí tí o gbà ní ìwé mẹ́fà dání, mo mú bàtà tí o fi kọ́ ìrìn, mo sì mú Ìyá Àsíátù tó gbẹ̀bí rẹ. Akọ̀wé ní àwọn kì í gba bàtà. Ni Ìyá Àsíátù bá bínú, ó ní ọwọ́ òun yìí ni o bọ́ sí, ó ní o ti ń ké kí ẹsẹ̀ rẹ tó jáde, ó ní ìjọba dà lọ́jọ́ náà. Akọ̀wé ní kò sí àyè tí òun lè kọ ìyẹn sí nínú fọ́ọ̀mù.

Ọ̀gá wọn gbọ́ ariwo, ó pè wá wọlé. Ó béèrè orúkọ ilé ìwé yín, ó gbé tẹlifóònù sétí, ó pẹ́ títí kí wọ́n tó dá a lóhùn. Mo gbọ́ tó ní, Dorothy Akínwándé, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣeun. Mo bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n pè ọ́ wá síbẹ̀, ó ní wọ́n ní o wà ní kíláàsì. Nígbà tó gbé e kalẹ̀ mo tọrọ rẹ̀, mo gbé e sẹ́nu, mo ní Àlàkẹ́, bàbá rẹ nìyí o, ṣé o ti jẹun, ọsàn ti pọ́n. Ọ̀gá náà jẹ́ kí n sọ tán kó tó sọ fún mi pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Jọ̀wọ́, ṣé ó dé ọ̀dọ̀ rẹ? Ó ṣeé ṣe kó ṣì wà lọ́nà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú káàdì. Wọ́n rí i pé nígbà tí wọ́n ń kọ orúkọ láti inú káàdì àtijọ́ sínú tuntun, wọ́n gbé iye ọmọ tèmi fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé tèmi, Yúnúsà Àbọ̀dé, akódà kan ní Ìlọrà, wọ́n sì gbé tirẹ̀ fún mi. Wọ́n ní kí àwa méjèèjì wá ní Ọjọ́bọ̀. Ọ̀gá bi Yúnúsà léèrè bóyá ó mọ̀ pé wọ́n ti ka ọmọ kan sí i lọ́rùn láti ọdún tó kọjá. Ó ní òun mọ̀, ẹnìkan kà á fún òun. Wọ́n ní kí ló dé tí kò wá sọ. Ó ní ọdún kejìlélógún nìyí tí òun àti Hàwáù ìyàwó òun ti ń wá ọmọ, pé nígbà tí ìwé náà délé, Hàwáù gbé e sínú àpótí aṣọ rẹ̀, ó ní kí òun má dá a padà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fagi lé gbèsè tèmi. Wọ́n wá ní Yúnúsà ni owó rẹ̀ kò pé, kó san ṣílè mẹ́rìndínlógún. Inú bí mi. Mo ní ta ló ṣì í kọ? Ọ̀gá ní àwọn ni, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Mo ní ẹ̀yin lẹ fún un lọ́mọ, ẹ̀yin náà lẹ tún gbà á, ẹ tún ní kó sanwó. Ó wo tábìlì rẹ̀ títí, ó ní kó máa san ṣílè mẹ́rin mẹ́rin.

Bí a ṣe jáde, Yúnúsà bi mí pé kí lorúkọ ọmọ náà. Dorothy kò yí i lẹ́nu, mo ní kó máa pè ọ́ ní Àlàkẹ́. Láti ìgbà náà, tí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, mo máa ń bá a lẹ́nu ọ̀nà mi. A ó jọ bó ọsàn, á ní kí n sọ nípa rẹ. Mo ti sọ bí o ṣe já sínú kòtò amọ̀, mo ti sọ nípa ewúrẹ́ tó jẹ síléètì rẹ. Lọ́sẹ̀ kẹta, ohun tí mo mọ̀ tán, mo wá ń dá àwọn kan sọ fúnra mi. Mo ní o ti ń kọ́ dùùrù. Jọ̀wọ́ kọ̀wé, kí n má baà máa purọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi.

Mo ti bá a san ṣílè mẹ́rin àkọ́kọ́. Tí ṣílè méjì bá wà nínú owó àpò rẹ, fi ránṣẹ́, ká fi kún ìkejì, kí o sì fi sísì kan kún un fún mi fún epo àtùpà. Tí kò bá sí, má fi ebi pa ara rẹ. Àjíǹde ń bọ̀. Mọ́tò tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ máa ń dúró níwájú ilé Láwàl, mo máa ń wo àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ ní jíjáde àti ní wíwọlé. Àwọn tó ń kọ́ ọ kò ní kórìíra rẹ. Ohun tí Hannah fẹ́ fún ọ tí kò dúró rí, èmi yóò rí i.

Èmi ni bàbá rẹ,
Joseph Akínwándé.

Yúnúsà jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní kí n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún òun. Àmì àtàǹpàkò dúdú tí o rí nísàlẹ̀ yìí, òun ló tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ìkíni ni.